Lùkúlùkú ni, kì í ṣe kọ́lẹ́rà adìẹ

Ẹ bá mi gba "kọ́lẹ́rà adìẹ" lẹ́nu àwọn tó fi ń pe lùkúlùkú, àrùn tó ń pa adìẹ. Orúkọ yẹn ti kó ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn sí gbèsè. Bakitéríà ló ń fa kọ́lẹ́rà adìẹ, áńtíbáyótíìkì, oògùn tó ń pa bakitéríà, sì ń kápá rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni lùkúlùkú ní tiẹ̀, áńtíbáyótíìkì ò sì lè kápá fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti gbọ́ kọ́lẹ́rà, áńtíbáyótíìkì bíi tẹtirasáíkílìnì ló máa sáré rà. Á tú u sómi, adìẹ á mu ún, adìẹ á sì kú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe lùkúlùkú ní "àrùn Newcastle". Kí ló kan adìẹ wa nínú Newcastle? Ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àrùn náà jà ní 1926 ni. Ọdún yẹn náà ló jà ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà, kò kúkú sẹ́ni tó fi Java sọ ọ́ lórúkọ. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, láàárín Oṣù Kejìlá 1952 sí Oṣù Kejì 1953. Ìgbà ọyẹ́ nìyẹn, ìgbà tí gbogbo ìyá tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé mọ̀ pé lùkúlùkú máa ń jà. Ọrùn á lọ́, ìgbẹ́ á ṣe àwọ̀ ewé, apá á wọ́lẹ̀. Wọ́n ní orúkọ lùkúlùkú ń kó oríṣiríṣi ikú adìẹ pọ̀. Ibà náà ńkọ́, kí ni kì í kó pọ̀?

Kò sí oògùn tó ń wò ó. Àjẹsára ló ń dá a dúró. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi fọ́tò olè han ọlọ́dẹ kí olè tó dé. Tí wọ́n bá ti kó ilé tán, kí ni fọ́tò fẹ́ ṣe?

Ẹ̀kán àjẹsára kan lójú òròmọdìẹ. Ẹ má jù ú sílẹ̀ títí á fi ṣẹ́jú. Tó bá kan Lasota, àjẹsára lùkúlùkú tí wọ́n ń pò sínú omi mímu, ẹ kọ́kọ́ gba omi lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan tàbí méjì, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí wọ́n lè tètè mu ún tán. Omi tó ní kílórínnì ń pa àjẹsára. Tí àjẹsára náà kò bá sí nínú yìnyín lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ má rà á.

Èyí tó bá ti ń ṣàìsàn, ẹ má gbé e lọ sọ́jà o. Inú àgò ọjà ni lùkúlùkú ti ń bá oníbàárà délé. Òkú rẹ̀, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ẹ sì fọ bàtà yín kí ẹ tó wọ ilé adìẹ míì.