Bí a ṣe ń to sípíríǹgì snowmobile fún yìnyín tó jìn

Snowmobile ni ọkọ̀ orí yìnyín tó ní síkì méjì níwájú (pátákó pẹlẹbẹ tó ń yọ̀ lórí yìnyín) àti bẹ́líìtì rọ́bà lábẹ́. Nínú yìnyín tó mu èèyàn dé itan, igun tí bẹ́líìtì rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ fi ń pàdé yìnyín ló ṣe pàtàkì jù. Bí igun náà bá tẹ́, bẹ́líìtì á tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, á sì gun orí rẹ̀. Bó bá dúró jù, ńṣe ló máa gbẹ́ kòtò títí abẹ́ ọkọ̀ á fi jókòó sórí yìnyín. Agbára ẹ́ńjìnnì ò lè yanjú ìyẹn: gbogbo iná tí awakọ̀ bá tún fi sí i, kòtò ló ń jìn sí i.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ la kọ́kọ́ ń wọ̀n. A ó gbọn yìnyín dídì tó há sáàárín àwọn ṣọ́ọ̀kì kúrò, torí kò ní jẹ́ kí wọ́n rìn dáadáa. A ó fa bọ́ńpà ẹ̀yìn sókè títí sípíríǹgì á fi nà tán, láìjẹ́ kí bẹ́líìtì kúrò nílẹ̀, ká wá wọn bọ́ńpà sí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ á gùn ún pẹ̀lú aṣọ òtútù, báàgì àti ṣọ́bìrì rẹ̀, á rọra mì ín lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíì á sì tún un wọ̀n. Ó yẹ kó ti wọlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn sípíríǹgì, ìyẹn gbogbo ibi tí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè rìn láti òkè délẹ̀. Bí ìrìn náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 13. Bó bá wọlẹ̀ jù, imú ọkọ̀ á gbé sókè, kòtò á sì bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó, síkì á máa rì, ọwọ́ ọkọ̀ á sì wúwo.

Iwájú bẹ́líìtì ló ń gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ máa ń fún sípíríǹgì àárín (èyí tó wà níwájú, láàárín bẹ́líìtì) le kí ọkọ̀ lè ga, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń ti iwájú irin méjì tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí sísàlẹ̀, tí igun á fi dúró. Ẹ dẹ̀ ẹ́ títí á fi kù díẹ̀ kó máa mì lásán. Ọ̀já tí wọ́n ń pè ní limiter strap, tó ń dí iwájú irin náà lọ́wọ́ kó má lọ sílẹ̀ jù, náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí a bá mú un kúrú, iwájú irin á gòkè, igun á tẹ́, síkì kò sì ní gbé kúrò nílẹ̀ lórí òkè tó ga. Àmọ́ bó bá kúrú jù, ìwúwo ọkọ̀ á bọ́ sórí síkì, títẹ̀ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì di iṣẹ́. Ihò ọ̀já kan ṣoṣo ni ká máa sún un, ká sì dán an wò lórí yìnyín kan náà kí a tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Ti síkì kò pọ̀: ẹ dẹ sípíríǹgì méjèèjì dọ́gba.

Síkì nìkan kì í yí ọkọ̀ nínú yìnyín tó jìn. Láti lọ sósì, awakọ̀ á yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, á gbé ara sósì, á sì fún un níná díẹ̀ kí ọkọ̀ lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì yí. Ìdí nìyẹn tí sípíríǹgì síkì fi gbọ́dọ̀ rọ̀.

Gbàrà tí ọkọ̀ bá dúró tí bẹ́líìtì ṣì ń yí, ká ju iná sílẹ̀. A ó fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín iwájú síkì àti ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, ká dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó le, ká tó rọra gbéra.