Kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé kan náà: ṣé wọ́n lè ránṣẹ́ síra wọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì?

Láti ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 tí Microsoft ti kógbá Skype wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé ń gbé wá lóríṣiríṣi: bí ilé iṣẹ́ kan bá lè ti ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ pa, ṣé kọ̀ǹpútà pálọ̀ ò wá ní lè ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà iyàrá mọ́? Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé àfi kí àwọn tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn kí gbólóhùn kan tó lè ti yàrá kan dé èkejì nínú ilé ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé Skype tí wọ́n pa kan kọ̀ǹpútà inú ilé wa?

Kò kàn án rárá.

Ṣé a gbọ́dọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì kí kọ̀ǹpútà kan tó lè ránṣẹ́ sí èkejì?

Ẹ ò nílò rẹ̀. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé wọ́n ka Wi-Fi àti íntánẹ́ẹ̀tì sí ohun kan náà. Iṣẹ́ méjì ni ráútà, àpótí tó ń pín Wi-Fi nínú ilé, ń ṣe. Ó ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé pọ̀ mọ́ra wọn, ó sì tún ń so gbogbo ilé pọ̀ mọ́ ìta. Bí dátà bá tán, iṣẹ́ kejì ló dúró. Ti àkọ́kọ́ ń bá a lọ, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà lára ráútà.

Ráútà yìí máa ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10. Ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 1918, tó jáde lọ́dún 1996, sọ ọ́ kedere pé ìlò abẹ́lé nìkan ni irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ wà fún. Ìdí nìyí tí 192.168.1.5 fi lè wà nínú àìmọye ilé lẹ́ẹ̀kan náà láìsí wàhálà.

Nígbà tí 192.168.1.5 bá fẹ́ bá 192.168.1.20 sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì náà, á rí i pé abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn méjèèjì wà, á sì pè é tààrà. Ráútà á gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ọ̀kan, á nà án sí èkejì, ó parí. WhatsApp ò ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀yin àti àbúrò yín tilẹ̀ dojú kọ ara yín lórí tábìlì kan, ọ̀rọ̀ yín á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, ilé iṣẹ́ tó ni ín kó tó padà wá bá yín. Ẹ dán an wò. Ẹ yọ wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé kúrò lára ráútà, ẹ má pa iná rẹ̀. WhatsApp á dákẹ́, ọ̀rọ̀ inú ilé á ṣì máa lọ.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Ó ti pẹ́ gan-an. Unix, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ write láti ọdún 1971, fún àwọn tó jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Nígbà tó di 1983, àṣẹ mìíràn tó ń jẹ́ talk ti ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá sí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ní ti Windows, WinPopup wà nínú Windows 95, net send sì wà nínú Windows NT, 2000 àti XP. Ẹ ó tẹ net send, ẹ ó fi orúkọ kọ̀ǹpútà kejì àti ọ̀rọ̀ yín tẹ̀lé e, àpótí kékeré kan á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà ọ̀hún.

Kí ló wá dé tí net send ò ṣiṣẹ́ mọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìdáhùn yìí dáadáa kí ẹ tó gbìyànjú ohunkóhun nílé.

Messenger ni orúkọ ètò tó ń gba ọ̀rọ̀ net send wọlé. Kò tan mọ́ MSN Messenger tí àwọn èèyàn fi ń tàkúrọ̀sọ nígbà yẹn. Messenger yìí kì í béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó wà ní títàn látilẹ̀wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ló wà lójú íntánẹ́ẹ̀tì gbalaja nígbà náà, láìsí ráútà tàbí firewall (ètò tó ń dènà ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́) tó bò wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe fún ará ilé wá bọ́ sọ́wọ́ ará ìta. Ní nǹkan bí ọdún 2002, àwọn olùpolówó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í da àpótí ìpolówó sójú kọ̀ǹpútà àwọn tí wọn ò mọ̀ rí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pe ilé iṣẹ́ kan lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń da àpótí bo ojú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn, nígbà mìíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, láti fi ta sọ́fítíwià tí yóò dá irú àpótí bẹ́ẹ̀ gan-an dúró. Kí èèyàn máa da ẹlòmíràn láàmú, kó tún máa gbowó kó tó jáwọ́, ìlọ́nilọ́wọ́gbà ni lójú tèmi.

Ní oṣù tó ṣáájú ìyẹn, Microsoft fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀, nínú ìkìlọ̀ MS03-043, pé àléébù kan wà nínú Messenger tí ọ̀daràn lè gbà gba àkóso kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Service Pack 2 fún XP jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, wọ́n pa á. Windows Vista kò tilẹ̀ ní i nínú mọ́. Mo fara mọ́ pípa tí wọ́n pa á. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Kí la lè lò báyìí?

LocalSend ni mo máa mú fún ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac, Linux, Android àti iPhone, kò sì béèrè pé kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Àwọn ẹ̀rọ tí ẹ bá ti ṣí i lórí wọn máa ń rí ara wọn fúnra wọn, ẹ sì lè fi ọ̀rọ̀ tàbí fáìlì ránṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn títẹ àṣẹ lórí Mac tàbí Linux lè lo àṣẹ kan tó ń jẹ́ nc. Ẹ ṣí Terminal, ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, lórí kọ̀ǹpútà kan, kí ẹ tẹ nc -l 9000 kó lè máa dúró de ọ̀rọ̀. Lórí èkejì, ẹ tẹ nc 192.168.1.20 9000, kí ẹ fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rọ́pò èyí tí mo kọ yìí. Ní Linux, ip addr ló ń fi àdírẹ́sì hàn. Ohun tí ẹ bá kọ á hàn lọ́dọ̀ ẹnì kejì bí ẹ bá ti tẹ Enter, òun náà á sì lè fèsì. Ctrl+C ló ń pa á.

Windows Pro ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ msg fún irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sí nínú Windows Home, kì í sì í sábà gba ọ̀rọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn àfi tí ẹ bá yí àwọn ètò kan padà. Wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Mo ti ṣe é, ọ̀rọ̀ ò dé. Kí ló fà á?

Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà wà lórí Wi-Fi àlejò, èyí tí kì í sábà jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ara wọn. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ wò ó bóyá Windows ti ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín sí Public (ti ìta gbangba) dípò Private (ti abẹ́lé), tàbí bóyá VPN, ètò tó ń darí ọ̀rọ̀ yín gba ọ̀nà mìíràn, wà ní títàn.

Ṣé kí n kúkú pa firewall?

Ẹ má dán an wò. Áàpù kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ lò ni kí ẹ yọ̀ǹda, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Private nìkan.

Ṣé ẹlòmíràn lè ka ohun tí mo kọ?

Bó bá jẹ́ nc, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an ló ń lọ, ẹni tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín tó sì mọ irinṣẹ́ tó yẹ lè kà á. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà káàdì báńkì gba ibẹ̀ láé. LocalSend máa ń yí ọ̀rọ̀ padà sí àmì tí ẹlòmíràn ò lè kà kó tó fi í ránṣẹ́. Bó ti wù kó rí, àlejò tó bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì yín, Wi-Fi àlejò ni kí ẹ fún un.

Ṣé ará ìta lè tún máa da àpótí bò wá bíi ti 2002?

Lọ́nà tí wọ́n gbà nígbà yẹn, ó ṣòro. Ráútà ilé kì í sábà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ẹ ò béèrè wọlé láti ìta. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lè ba èyí jẹ́, bí ẹ bá lọ tan port forwarding, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ láti ìta, lórí ráútà. Kò sí ìdí kankan tí ọ̀rọ̀ abẹ́lé fi nílò rẹ̀.

Àpótí tó ń sọ pé kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà mi, tó ní kí n pe nọ́ńbà kan ńkọ́?

Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn gbájú-ẹ̀ ṣe ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́, kò wá láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé yín. Ẹ má pe nọ́ńbà náà, ẹ má sì tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ pa bíráúsà náà. Bó bá kọ̀ tí kò pa, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, bí bíráúsà bá sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ padà sí ojú ewé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ dáhùn pé rárá.