Ẹni Tí Wọ́n Gbé Lójú Ọ̀nà: Ibi Tí Fíìmù The Hitch-Hiker Ti Ṣẹ̀ Wá

Bàbá mi kì í kọjá ẹni tó bá na ọwọ́ sí mótò rẹ̀. Tí a bá ń ti Ìbàdàn bọ̀, tí a ti yà ní Gbọ̀ngán tí a kọjú sí Òṣogbo, ìjókòó ẹ̀yìn kì í ṣófo: akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé itan. Àdúrà ni owó ọkọ̀ tí wọ́n máa ń san. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ọkùnrin kan ní Àkódà. Ọkùnrin náà wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá mi bi í pé ibo ló máa sọ̀, kò dáhùn. Iwájú ni mo jókòó sí, mo sì ń rí bàbá mi bó ṣe ń wo dígí, tó ń gbójú kúrò, tó tún ń wò ó, títí a fi dé Old Garage. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ní "ẹ ṣé, sà," ó sì wọ àárín èrò lọ. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò gbé ẹni tí kò mọ̀ mọ́.

Ìrìn kékeré yẹn gan-an ni The Hitch-Hiker fà gùn di ìṣẹ́jú 71. Ọdún 1953 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ méjì tó ń lọ pẹja rí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní kó wọlé, ó yọ ìbọn. Láti ibẹ̀, ó di kí wọ́n máa wà á lọ nínú aṣálẹ̀ Mẹ́síkò, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ibi tí ìrìn náà bá parí sí ni yóò ti pa àwọn. Ìtàn inú fíìmù náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀, torí pé láti orí ọmọ kan tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e ló ti bẹ̀rẹ̀.

Billy Cook ni orúkọ ọmọ náà. Wọ́n bí i ní 1928, lẹ́bàá ìlú Joplin ní ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wa kùsà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Bàbá wọn kó àwọn ọmọ lọ sínú ihò ìwakùsà kan tí wọ́n ti pa tì, ó fi wọ́n síbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí wọn, wọ́n rí ẹni gba àwọn tó kù tọ́. Billy nìkan ló ṣòro láti rí ẹni gbà, torí pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún kò ṣe déédéé, ojú náà kì í pa dé tán. Ó dàgbà sínú olè jíjà, láti ilé ìtọ́nisọ́nà dé ẹ̀wọ̀n. Ó fín ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí orí burúkú sára ìka ọwọ́ rẹ̀. Àwa tí a máa ń fọwọ́ lé orí ọmọ láàárọ̀ láti ṣàdúrà fún un, ó yẹ kí àyà wa já tí a bá gbọ́ pé ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára.

Ní òpin ọdún 1950, ó dúró lójú títì, ìdílé kan sì gbé e: ọkọ, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, àti ajá wọn. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló fi ìbọn mú wọn rìn káàkiri kó tó pa gbogbo wọn. Inú ihò ìwakùsà kan nítòsí Joplin ló ju òkú wọn sí. Mi ò lè ka gbólóhùn yẹn kí n má rántí ihò tí bàbá tirẹ̀ fi í sí. Kò sí àlàyé tó lè wẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìbẹ̀rù inú fíìmù yìí ti wá kò lè fo ihò méjèèjì yẹn.

Ó tún pa ọkùnrin òǹtajà kan ní Kalifọ́níà. Lẹ́yìn náà ló mú ọdẹ méjì, ó ní kí wọ́n wa òun wọ Mẹ́síkò. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1951, ní ìlú Santa Rosalía, ọ̀gá ọlọ́pàá kan dá a mọ̀, ó lọ bá a, ó já ìbọn gbà ní ìbàdí rẹ̀. Àwọn ọdẹ méjèèjì yè é. Oṣù kejìlá ọdún 1952 ni wọ́n pa Cook nínú yàrá afẹ́fẹ́ májèlé ní ẹ̀wọ̀n San Quentin. Ẹni ọdún 23 ni.

Fíìmù náà jáde ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Obìnrin ló darí rẹ̀.

Ìlú London ni wọ́n bí Ida Lupino sí ní 1918, inú ìdílé àwọn òṣèré. Ó di gbajúmọ̀ ní Hollywood, ó sì rí i pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin ni gbogbo ìpinnu wà. Òun àti Collier Young, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1949, àìsàn ọkàn kọ lu ẹni tó fẹ́ darí fíìmù kan tí wọ́n ń ṣe. Ida bọ́ sípò rẹ̀, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Ní àsìkò yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ni obìnrin tó ń darí fíìmù ní Hollywood. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀ pé òun ni ìyá gbogbo wọn. Ní Òṣogbo níbí, níbi tí a ti ń kí Òṣun ní Yèyé, a mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ lè fi ohùn jẹ́jẹ́ pàṣẹ kí gbogbo ilé sì dìde.

Kò rọrùn fún un. Ọ́fíìsì tó ń yẹ fíìmù wò nígbà náà kò fẹ́ kí wọ́n gbé apànìyàn gidi sójú agbo. Ida yí orúkọ Cook padà sí Emmett Myers, ó sì dín iye àwọn tó kú kù sí mẹ́ta. Kò sí ìdílé ọlọ́mọ mẹ́ta nínú fíìmù náà. Àwọn kan lè sọ pé ó sá fún òtítọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti rí agbára rẹ̀. Ó fi ìpakúpa sílẹ̀, ó mú ìdúró: ọkùnrin méjì tó ti dàgbà, tí ara wọn le, tí wọ́n jókòó síwájú, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn yóò ṣe ohun tó sọ pé òun máa ṣe. Daniel Mainwaring ló kọ ìtàn tí wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀ lójú fíìmù, torí àwọn ọdún yẹn ni wọ́n ń lé àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ Kọ́múníìsì kúrò nínú iṣẹ́.

Ohun tí Ida kò yí padà ni ojú yẹn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, Myers á dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ kan á ṣí sílẹ̀, àwọn tó mú kò sì ní mọ̀ bóyá ó sùn tàbí kò sùn. Wọn ò dè wọ́n, ẹnu ọ̀nà kankan ò tì, síbẹ̀ wọn ò lè dìde. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Àwọn méjì yìí wo ojú náà títí, wọn ò rí ọ̀rọ̀ kankan kà níbẹ̀. Ní ibì kan, Myers sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n bí òun, àwọn òbí òun wo ojú òun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Gbogbo ohun tó kù nínú ìgbà èwe Billy Cook nìyẹn.

Ohun mìíràn tí Yorùbá tó bá wò ó yóò tètè rí ni èdè. Myers kò gbọ́ Sípáníìṣì. Ìgbàkigbà tí ẹni tó gbọ́ ọ nínú àwọn méjèèjì bá bá àwọn ará Mẹ́síkò sọ̀rọ̀, ara Myers kì í balẹ̀. Ida kò sì kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó fi èmi àti ẹ̀yin sípò tí apànìyàn náà wà. Àárín àpáta Alabama Hills ní Kalifọ́níà ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ náà gbẹ, igi kò pọ̀ níbẹ̀.

William Talman tó ṣe Myers ṣe é débi pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, ọkùnrin kan rí i nínú mótò níbi iná títì, ó bi í bóyá òun ni ẹni inú fíìmù yẹn, ó fọ́ ọ létí, ó sì wakọ̀ lọ. Talman ní òun kò gba Oscar rí, àmọ́ ìgbátí yẹn ló sún mọ́ ọn jù.

Àwọn ọmọ fíìmù yìí pọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni The Hitcher ti 1986, tí Rutger Hauer ti ṣe apànìyàn. Orin kan ti ẹgbẹ́ olórin The Doors ló ta ìtàn náà sí Eric Red tó kọ ọ́ lọ́kàn, nígbà tó ń wakọ̀ láti New York lọ Texas. Wọ́n tún un ṣe ní 2007. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ti Ida lọ, apànìyàn rẹ̀ kò sì ti ibì kankan wá, bí iwin. Mo wò ó, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò rántí ẹnikẹ́ni. Ní 1998, Amẹ́ríkà fi ti Ida sára àwọn fíìmù tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù yìí dojú kọ ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ wa kò ní mótò, nítorí náà ẹni tó wọlé ló ń bẹ̀rù. Igbe kọ́ńdọ́kítọ̀ pé ẹnìkan péré ló kù, one chance, ló di orúkọ àwọn tó ń kó èrò lọ jà lólè. A tún ní ìtàn obìnrin tó dá mótò dúró lóru, tó sọ̀ nítòsí itẹ́ òkú. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ fi The Hitch-Hiker han bàbá mi, mo rò pé yóò ní àwa ti mọ gbogbo ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò ó tán láìfọhùn. Ó wá bi mí pé ṣé ẹni yẹn kò ní ẹbí ni. Mo sọ ti ihò ìwakùsà fún un, ti bàbá tó lọ, ti ojú tí kì í pa dé, ti àwọn tó wo ọmọ náà tí wọ́n sì mú ẹlòmíràn. Ó dákẹ́ títí. Ó ní kí n dá a padà sí ibi tí mótò ti kọ́kọ́ dúró gbé e.