Ọ̀dà olóróró: kí nìdí tí èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ jù fi gbọ́dọ̀ wà lókè?

Òróró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀dà olóróró ya òkè àpáta Ògìdì nílẹ̀ Ìjùmú kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Àdìrẹ tí wọ́n sá sóòrùn ní Ògìdì, ìlú Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ, omi ara rẹ̀ ló fẹ́ lọ. Òróró lìnsíìdì, ìyẹn òróró irúgbìn fláàsì, tí wọ́n fi po ọ̀dà kò fẹ́ lọ síbì kankan. Ńṣe ló ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tó ń le díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà kò fi lè rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kó wà nílé tó: wọn kì í le, àwòrán náà á kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni.

Ayàwòrán kì í kun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́kùn ni ó máa ń fi tọpẹntáìnì, omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, là títí yóò fi ṣàn: ojú ọ̀run, òkè ọ̀kánkán, òjìji àpáta. Tọpẹntáìnì á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, òróró díẹ̀ á ṣẹ́ kù, á sì tètè gbẹ. Ọ́ńbà, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀, dára púpọ̀ fún èyí, torí máńgánísì inú rẹ̀ ń mú kó yá gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà bó ṣe jáde nínú tíúbù. Èyí tí wọ́n fi lìnsíìdì kún ló kẹ́yìn, fún koríko tó sún mọ́ni àti ìmọ́lẹ̀ orí àpáta.

Tí a bá yí ètò yìí padà ńkọ́, tí olóróró púpọ̀ wà nísàlẹ̀? Èyí tó wà lókè á gbẹ, á le, nígbà tí tìsàlẹ̀ ṣì ń rọ̀, tó ń sún. Ojú àwòrán á sán. Ó lè tó ọdún mélòó kan kó tó hàn, oníbàárà á ti sanwó tán.

Bí ọ̀dà kò bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kò túmọ̀ sí pé ó ti gbẹ dénú. Oṣù 6 sí ọdún 1 ni wọ́n sábà máa ń dúró kí wọ́n tó kun fáníìṣì, ìyẹn ìkunlé tó ń dáàbò bo ojú àwòrán. Ẹni tó bá sì gbé àwòrán tútù síta nígbà ọyẹ́ ní Kabba tàbí Mọ̀pà, eruku ni yóò bá a parí rẹ̀.

Àkísà tí a fi nu búrọ́ọ̀ṣì náà ń fa ọ́síjìn, ó sì ń mú ooru jáde. Bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbaná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta, kí ẹ má kó wọn léra, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sómi.