Pípa ẹ̀kọ́ àwọn dókítà onípele-onípele pọ̀ nínú ìṣègùn gbogboogbò

Nínú ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn gbogboogbò àti àgbà dókítà tó ń darí wọn jọ máa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan náà, tí ẹni tó wà lókè ń kọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọsirélíà wà lára ibi tó ti gbilẹ̀, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i tí olùkọ́ kò sì tó.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọdún 7 ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Kutọnu àti Parakou ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ìjọba wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń lọ kọ́ṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn bíi ti Àjàṣẹ́. Ìjọba pín ìlera sí agbègbè 34: Kétu wà pẹ̀lú Ìpóbẹ̀ àti Adja-Ouèrè, Sábẹ̀ẹ́ sì wà pẹ̀lú Ouèssè.

Àwọn ilé ìlera kéékèèké inú agbègbè wọ̀nyí ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti lè wúlò jù. Ká ní ìyá kan gbé ọmọ ọdún méjì tí ara rẹ̀ gbóná wá ní Kétu. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ́kọ́ bi í pé: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé gìrì mú un? Yóò gún ọmọ náà níka, yóò kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike àyẹ̀wò ibà, wọn yóò sì dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àsìkò ìdúró yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí aṣọ àyà ọmọ náà, kí ó ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ó sì yẹ inú ìpéǹpéjú rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín lára rẹ̀. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, tí èémí rẹ̀ sì tó 40, ó yẹ kí wọ́n fura sí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, kódà bí àyẹ̀wò bá fi ibà hàn. Lẹ́yìn náà ni àgbà dókítà yóò gbọ́ àlàyé àwọn méjèèjì kí ó tó fọwọ́ sí oògùn.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan mọ ibi tó ti le fún òun, ìdí nìyẹn tí àlàyé rẹ̀ fi máa ń tètè yé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ sì ń gòkè pẹ̀lú: akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ Kétu lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà délẹ̀ ju ọ̀gá tó ti Atakora ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ wá lọ.

Ìṣòro rẹ̀ kò kéré. Yàrá kì í tó, a sì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ aláìsàn kí èrò tó yí i ká. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ nílò ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń kọ́ni. Bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, àṣìṣe rẹ̀ ni yóò fi lé ọmọ ẹ̀yìn lọ́wọ́.