Bí Dóòpù Bá Funfun Lára Bàálù Yín, Ẹ Má Bú Ọlọ́jà

Bàálù àfiṣeré onígi bálísà, igi fífúyẹ́ kan, tí dóòpù, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sára rẹ̀, funfun lápá bí ẹni da ẹ̀kọ lé e lórí ni wọ́n máa ń gbé wá, wọ́n á ní ayédèrú lọlọ́jà tà fáwọn. Ọlọ́jà ò jẹ̀bi. Ojú ọjọ́ lẹ ò wò.

Tínà inú dóòpù, ìyẹn omi tó ń là á, máa ń yára fò lọ, bó bá sì ti ń fò lọ, ojú igi á máa tutù. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, omi á sẹ̀ sórí dóòpù tí kò tíì gbẹ, bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì, á sì há síbẹ̀. Ẹ má ha á. Ẹ dúró dọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ bu ritádà, ìyẹn tínà tí kì í tètè gbẹ, díẹ̀ sí tínà yín, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Dóòpù á rọ̀ padà, omi á ráyè jáde, ojú á mọ́ gaara. Àwọn tó ní kẹ́ ẹ sá a sóòrùn ló ń ba iṣẹ́ yín jẹ́: òkè á gbẹ, inú á tutù, á wá lé ròrò.

Ta ló tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ fi kẹrosíìnì là á? Ṣe ni yóò dì bíi wàrà tó bàjẹ́. Tínà dóòpù ni, ìdajì sí ìdajì. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sórí igi, ẹ fi sánpépà 320 yún un, ẹ lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ tún kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Òkè àti ìsàlẹ̀ apá lọ́jọ́ kan náà o, torí dóòpù máa ń fa bébà le bí awọ ìlù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo á lọ́ ọ. Ẹ fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ pákó títẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ọ̀dà aláwọ̀ wúwo, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń lo mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, butyrate, irú dóòpù tí epo yẹn kì í bà jẹ́, ni kó kẹ́yìn. Ẹ má kun nitrate, irú dóòpù kejì, lé butyrate lórí.

Ẹ ṣí fèrèsé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní Bírítéènì, kẹ́míkà tetrachloroethane inú dóòpù ba ẹ̀dọ̀ àwọn tó ń kun apá bàálù gidi jẹ́, ibà pọ́njú mú wọn, àwọn kan sì kú. Kò sí nínú tòde òní, àmọ́ nitrate tó ti gbẹ tán ṣì ń gbiná wàràwàrà. Eruku sánpépà yẹn, àkísà tútù lẹ fi nù ún. Ẹ má gbá a sẹ́bàá sítóòfù.