Wim Wenders

Ernst Wilhelm Wenders, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wim Wenders, jẹ́ olùdarí fíìmù àti ayafọ́tò ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Düsseldorf ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Iṣẹ́ alámèyítọ́ fíìmù ló kọ́kọ́ ṣe kí òun fúnra rẹ̀ tó di ẹni tí àwọn alámèyítọ́ ń kọ̀wé lé lórí.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni bàbá rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó pa á tì. Ó yà sí fìlọ́sọ́fì, ó tún pa ìyẹn náà tì. Ní 1966, ó gba Paris lọ pé òun fẹ́ di ayàwòrán. Ó ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù IDHEC níbẹ̀, kò yege. Ló bá ń kọ́ṣẹ́ àwòrán fífín lọ́dọ̀ Johnny Friedlaender, ó sì sọ Cinémathèque française, ibi tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù tí wọ́n sì ti ń fi wọ́n hàn, di ilé kejì. Nígbà mìíràn, ó máa ń wo fíìmù márùn-ún lóòjọ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó padà sílé ní 1967, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Munich. Títí di 1970 ló ń kọ àmèyítọ́ fún ìwé ìròyìn bíi Filmkritik àti Süddeutsche Zeitung.

Àwọn fíìmù ìrìn-àjò ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Nínú Im Lauf der Zeit (1976), ọkùnrin kan ń fá irùngbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sáré pọ̀ọ́ sínú odò níṣojú rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà wẹ̀ jáde pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn ní etí ibodè Jámánì Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Iṣẹ́ ọkùnrin tó ń fá irùngbọ̀n náà ni láti máa tún ẹ̀rọ ṣe ní àwọn ilé sinimá kéékèèké tó ti ń kú lọ. Ojú alámèyítọ́ àtijọ́ hàn kedere níbẹ̀.

Fíìmù rẹ̀ Der Stand der Dinge gba Kìnnìún Oníwúrà, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Venice, ní 1982; fíìmù rẹ̀ Paris, Texas sì gba Palme d'Or, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, ní 1984. Ní 1987, Der Himmel über Berlin fún un ní àmì-ẹ̀yẹ olùdarí tó dára jù ní Cannes. Dúdú àti funfun ni àwọn áńgẹ́lì inú rẹ̀ fi ń wo ayé; àfìgbà tí ọ̀kan di ènìyàn ló tó rí àwọ̀.

Buena Vista Social Club (1999), lórí àwọn olórin àgbà ní Havana, ló kan àwọn Yorùbá jù. Ibrahim Ferrer fi ère San Lázaro tó wà nílé rẹ̀ hàn nínú rẹ̀, ó sì sọ bí òun ṣe ń fún un ní ọtí. Ní Kúbà, San Lázaro náà ni wọ́n ń pè ní Babalú Ayé, ìyẹn Ọbalúayé.

Wenders jẹ́ ààrẹ European Film Academy láti 1996 sí 2020. Ní 2023, ó gbé Perfect Days jáde, ìtàn ọkùnrin tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro ní Tokyo. Koji Yakusho tó ṣe ọkùnrin náà gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin ní Cannes.